Wọ́n Yọ Ọgbọ́n Kúrò, Wọ́n Fi Ìlù Sílẹ̀

Ẹni tó bá mọ Ìkátẹ Ẹlẹ́gúṣì dáadáa á mọ bí omi ṣe ń dúró lójú títì níbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀ fún wákàtí méjì. Ní Sátidé yẹn, kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, omi ti dé orúnkún ní àdúgbò wa tó yà kúrò lára Kusenla Road. Kò sí ẹni tó lè jáde. Àwọn ọmọ ilé tó yí mi ká wá kóra jọ sí pálọ̀ mi, nítorí jẹnẹrétọ̀ tèmi ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé lókè wa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo fíìmù pọ̀ fún àwọn tó ń ya eré káàkiri Lẹ́kí, mú fíláàṣì kan wá. Fíìmù àtijọ́ méjì ló wà lórí rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe méjèèjì, ọdún 1935 ni méjèèjì sì jáde. A wo ti àkọ́kọ́, àwọn ọmọ pariwo ayọ̀. A wo èkejì, ilé dákẹ́. Nígbà tó parí, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ yíjú sí mi, ó ní: “Mọ́mì, àwa ni wọ́n ní ó wà nínú eléyìí. Kí ló dé tí gbogbo wa ò mọ nǹkan kan?”

Mi ò rí èsì fún un. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì wọ́pọ̀ kí ìbéèrè ọmọdé mú mi lẹ́nu dákẹ́ báyẹn. Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ yìí ni èsì tí mo jẹ ọmọ náà.

Olùjẹ́jọ́ kìíní ni The 39 Steps, fíìmù tí Alfred Hitchcock darí láti inú ìwé ìtàn amí tí John Buchan kọ ní 1915. Olùjẹ́jọ́ kejì ni Sanders of the River, tí Zoltan Korda darí, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Alexander Korda sì gbé jáde, láti inú ìwé Edgar Wallace ti 1911. Ẹnì kan lè béèrè ìdí tí mo fi so wọ́n pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé Scotland ni ti àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, tí èkejì sì ní Nàìjíríà ni òun wà. Mo so wọ́n pọ̀ nítorí pé ẹnu iṣẹ́ kan náà ni mo bá àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ rí Áfíríkà nínú ìwé, níbi tí ọgbọ́n akọni ti ń wá, ó yọ ọ́ dànù. Èkejì gbé Áfíríkà síwájú kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì fi ọgbọ́n kankan sí i lórí.

Ẹ̀sùn kìíní: pé olùjẹ́jọ́ kìíní gba ilé-ẹ̀kọ́ Hannay lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìwé, Richard Hannay jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ìdí iṣẹ́ ìwakùsà ní Bulawayo, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Zimbabwe lónìí, ló ti rí owó rẹ̀. Ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù karùn-ún 1914, ìlú náà sú u, ó ti ń ronú àtipadà. Ìgbà yẹn ni ará Amẹ́ríkà kan, Scudder, sá wá bá a pẹ̀lú àṣírí àwọn amí Jámánì. Kò pẹ́ tí Hannay fi wọlé tó bá òkú Scudder nílẹ̀, ọ̀bẹ ni wọ́n fi gún un pa. Ohun tó kù sílẹ̀ ni ìwé kékeré kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ àrokò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Báwo ni Hannay ṣe tú àrokò yẹn? Ó ti ṣiṣẹ́ amí rí ní Delagoa Bay, ìyẹn Maputo òde òní, nígbà ogun àwọn Boer. Báwo ló ṣe fara pa mọ́ fún ọkọ̀ òfúrufú tó ń wá a kiri lórí àwọn òkè Galloway, níbi tí igi kò sí? Pápá oko gúúsù Áfíríkà ló ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń sùn mọ́ ilẹ̀ tí ilẹ̀ á fi gbà á mọ́ra. Nígbà tó gba aṣọ ẹni tó ń tún ọ̀nà ṣe wọ̀, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ dúró tì í tí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ tí wọn kò dá a mọ̀, ẹ̀kọ́ tí olùtọpa àgbà kan kọ́ ọ ní Rhodesia ló lò: aṣọ kọ́ ni ìpara-dà, àfi kí o kọ́kọ́ gbà lọ́kàn ara rẹ pé ìwọ ni ẹni náà. Kódà ní alẹ́ ìkẹyìn, nígbà tí àwọn amí mẹ́ta jókòó tí wọ́n ń ta káàdì bí ará Lọ́ńdọ̀nù gidi, tí Hannay ti fẹ́ẹ́ bẹ̀ wọ́n pé òun ṣì wọ́n mú, ẹ̀kọ́ Peter Pienaar, ọdẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ló fi dúró. Ó ń wò wọ́n lọ títí ìka ọ̀kan nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta lórí orúnkún bó ṣe rí i tó ń ṣe é lọ́jọ́ kan rí. Ìka yẹn ló tú wọn fó.

Ẹ yọ Áfíríkà kúrò nínú ìwé náà, Hannay ti kú ní orí kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe rí.

Kí ni Hitchcock ṣe? Ó sọ Hannay di ará Kánádà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, nínú gbọ̀ngàn eré kan, akọni wa dìde ó béèrè bí Winnipeg ṣe jìnnà sí Montreal tó. Láti ìgbà yẹn títí dé òpin, kò sí ohun kan tó ṣe tó ti ibi tó ti wá jáde. Ó sá nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó yè nítorí pé ìwé orin ìjọ wà nínú àpò kóòtù tó wọ̀, ọta ìbọn sì wọnú ìwé. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́ ọmọbìnrin kan tí kò sí nínú ìwé rárá, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn jà káàkiri òkè Scotland. Robert Donat ṣe ipa náà dáadáa, mo gbà; àwọn ọmọ inú pálọ̀ mi rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n oríire àti ẹ̀rín ló gba ipò ìmọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú fíìmù wá gbèjà rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ má bínú mà,” ó ní, “fíìmù tí kò pé wákàtí kan ààbọ̀ nìyẹn. Kò sí àyè láti máa ṣàlàyé Bulawayo. Àwa tí à ń to fíìmù, ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ wa.” Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kó bá mi kà á: ìṣẹ́jú mélòó ni Winnipeg àti Montreal gbà? Bí Hannay bá dìde tó béèrè bí Bulawayo ṣe jìnnà sí Cape Town tó, àkókò kan náà ni yóò gbà. Kì í ṣe àyè ni kò sí. Nígbà tí Don Sharp tún un ṣe ní 1978, ó dá ìtàn náà padà sí 1914, ó sì jẹ́ kí Hannay jẹ́ oníṣẹ́ ìwakùsà tó ti gúúsù Áfíríkà dé. Nítorí náà ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 1935 tí Hannay di ará Kánádà yìí gan-an ni wọ́n fi Buchan fúnra rẹ̀ jẹ Gómìnà Àgbà ilẹ̀ Kánádà. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Mo kàn ń sọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì: pé ó pa òkun rẹ́.

Èyí ló dùn mí jù nítorí ibi tí mò ń gbé. Nínú ìwé, “àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógójì” jẹ́ àtẹ̀gùn gidi. Scudder kọ ọ́ sínú àrokò rẹ̀ pé àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógójì ni, pé omi á kún ní aago 10:17 alẹ́. Òpin ìwé náà dá lórí bí Hannay àti àwọn àgbà ìjọba ṣe jókòó lóru tí wọ́n ń fi ọgbọ́n wá etíkun kan ṣoṣo: níbo ni omi ti máa ń kún ní aago yẹn, níbo ni ọkọ̀ kò ti lè sún mọ́ ilẹ̀ àfi tí omi bá kún, níbo ni àtẹ̀gùn púpọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé etí omi? Wọ́n ṣí ìwé àkókò ìkún omi. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣọ́ etíkun. Ìmọ̀ ilẹ̀ àti ìmọ̀ omi ló mú amí. Ní 1914, Broadstairs ní Kent ni Buchan dùbúlẹ̀ àìsàn sí nígbà tó ń kọ ọ́, àtẹ̀gùn tó lọ sí etíkun sì wà níbẹ̀ níwájú rẹ̀.

Bí mo bá wà nílé-ẹ̀kọ́, orí yẹn nìkan tó mi kọ́ kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn tí omi òjò fà, mo rìn lọ sí etíkun Ẹlẹ́gúṣì, kì í ṣe apá ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣe fàájì, apá ibi tí ọkọ̀ apẹja ti ń gúnlẹ̀. Mo bá bàbá kan, ará Ìlàjẹ, tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Mo kí i, mo ní: “Bàbá, bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógójì, omi kún ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lálẹ́, kí lẹ máa rò sí i?” Kò gbójú sókè. Ó ní: “Oṣù ti lé ọjọ́ mélòó?” Mo dákẹ́. Ó ní: “Ìyá, omi kì í kún ní aago kan náà lójoojúmọ́. Ẹni tó kọ ìyẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń sọ. Ọkọ̀ rẹ̀ sì tóbi, nítorí ọkọ̀ kékeré kì í dúró de omi.”

Ìṣẹ́jú bí àádọ́ta ni ìkún omi fi ń pẹ́ sí i lójoojúmọ́; èmi kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù fún àìmọye ọmọ, ìwé ni mo ti kà á. Bàbá yìí gbé ìdajì òpin ìwé Buchan kalẹ̀ láàárín gbólóhùn mẹ́rin, àwọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìmọ̀ yìí ni Hitchcock gé kúrò. Nínú fíìmù, kò sí òkun, kò sí ìkún omi, kò sí àtẹ̀gùn. “39 Steps” di orúkọ ẹgbẹ́ amí. Àṣírí náà wà lórí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mr Memory, ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ìtàgé. Hannay bi í ní gbangba ohun tí 39 Steps jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè pa irọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, wọ́n sì yìnbọn fún un.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo: ikú Mr Memory wọ̀ mí lára. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ló ń pa ìtàn ọba mọ́ sórí, mo sì ronú kan wọn nígbà tí ọkùnrin yẹn ń ka àlàyé ẹ̀rọ ọkọ̀ òfúrufú tí kì í dún, tó sì ń kú lọ. Ó ní òun dúpẹ́ pé ó ti kúrò lórí òun. Ẹwà wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀, arọ́kin mọ ohun tó ń sọ àti ìdí tó fi ń sọ ọ́. Mr Memory kàn ń gbé ẹrù ni. Fíìmù náà fi ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí rọ́pò ẹni tó mọ omi, ó sì jẹ́ kí ayé rò pé nǹkan kan náà ni.

Ẹ̀sùn kẹta: pé olùjẹ́jọ́ kejì mú Nàìjíríà, ó sọ ọ́ di odò kan tí kò ní ọgbọ́n àfi ti òyìnbó kan.

Ìtàn Sanders kò ṣòro. Kọmíṣọ́nà Sanders ń ṣàkóso odò náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun díẹ̀. Ó lọ sí ìsinmi nítorí ìgbéyàwó. Àwọn oníṣòwò búburú méjì tan irọ́ kálẹ̀ pé “Sandi”, bí àwọn ará odò ṣe ń pe Sanders, ti kú, pé kò sí òfin mọ́. Ìlù gbé e láti abúlé dé abúlé. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ilẹ̀ náà gbaná. Ọba burúkú kan tó ń jẹ́ Mofolaba pa òyìnbó tó wá rọ́pò Sanders, ó sì jí ìyàwó Bosambo, olóyè tó jẹ́ olóòótọ́ sí Sanders, gbé. Sanders padà dé nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ayé sì rọ̀. Ó fi Bosambo jọba. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ń yin ìwọ̀nba òyìnbó díẹ̀ tó ń ṣọ́ mílíọ̀nù àwọn ènìyàn dúdú.

Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò. Ìròyìn irọ́ ẹnu ènìyàn méjì dé, kò sí àgbàlagbà kan lójú odò náà tó ránṣẹ́ lọ wádìí. Kò sí ìyálóde kan, kò sí babaláwo kan, kò sí ọdẹ kan tó sọ pé ẹ dúró ná. Ilẹ̀ wo ló rí bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ tí a bí mi sí ti ń fi àrokò ránṣẹ́ kí Wallace tó mọ ibi tí Áfíríkà wà lórí máàpù. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ lọ́nà kan ń sọ fún ẹni tó gbà á pé ọkàn olùránṣẹ́ fà mọ́ ọn, nítorí ẹfà àti fà. Mẹ́jọ ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí ẹjọ àti jọ. Ẹni tó gbé e lọ kò ní láti mọ ohun tó gbé. Kí ni àwọn amí Lọ́ńdọ̀nù ní tó ju ìyẹn lọ? Ọmọ kékeré ní Ifẹ̀ mọ ìtàn Mọ́remí: obìnrin tó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, tó dé ààfin ọ̀tá, tó di aya ọba wọn, tó gbé ibẹ̀ títí tó fi mọ̀ pé ènìyàn ló wà nínú koríko àti ìko tí Ifẹ̀ ń sá fún bí iwin, tó sì padà wálé láti sọ pé iná ló máa ṣẹ́gun wọn. Ìtàn amí ni ìyẹn, ìtàn ìrìn àjò ni, ó sì ti dàgbà ju Hannay lọ jìnnà.

Bí ó bá sì jẹ́ ti 1935 gan-an ni kí a sọ, ẹ wá wo Èkó ọdún yẹn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ará Èkó ti rí sinimá nínú gbọ̀ngàn Glover, láti 1903. Herbert Macaulay, onímọ̀ ẹ̀rọ, ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń jáde lédè Yorùbá, I. B. Thomas tó ni ín sì ti tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá ní ìwé ní 1930. Wọ́n ti ṣí Yaba Higher College lọ́nà òfin ní 1934, ọdún náà ni wọ́n dá Lagos Youth Movement sílẹ̀. Ní etíkun níbí, Ẹlẹ́gúṣì, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó, ti wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ tipẹ́, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń pẹja. Èwo nínú wọn ló ń dúró de kí ẹnì kan sọ fún un bóyá Sandi kú tàbí ó yè?

Irọ́ tó wà lórí ọ̀rọ̀ àlàáfíà burú ju ti àìmọ̀kan lọ. Fíìmù náà ní orúkọ Sanders nìkan ló tó láti mú ilẹ̀ rọ̀. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe nínú Ogun Adubi, òyìnbó kò sí ní ìsinmi nígbà náà, ó wà lórí ìjókòó rẹ̀. Ní 1929, àwọn obìnrin dìde ní ìlà-oòrùn, láti Aba dé Opobo; wọ́n pe ara wọn jọ láti ìlú dé ìlú, ìjọba amúnisìn sì yìnbọn pa obìnrin tó lé ní àádọ́ta. Ètò ni ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbé yẹ̀ wò ni. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀ ni fíìmù yìí jáde tó ń sọ pé ìlù àti irọ́ ló ń dà wá láàmú.

Orúkọ Mofolaba ńkọ́? Ó dún létí bíi tiwa, mi ò sì mọ agbo ilé tó ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀sùn kẹrin: ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn tó gbà láti ṣeré nínú rẹ̀.

Paul Robeson, olórin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe Bosambo. Ó wọnú iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọkàn rere. Ó ti ń kọ́ èdè Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbàgbọ́ pé àwọn ijó àti orin tí Zoltan Korda yà wá láti Áfíríkà yóò fi iyì àwọn baba ńlá rẹ̀ han ayé. Nígbà tó rí fíìmù tó parí, ó kọ̀ ọ́. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà tí iṣẹ́ ku ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ki ọ̀rọ̀ ìyìn ìjọba amúnisìn bọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, tó ń kọrin ìwakọ̀ tí gbogbo ayé fẹ́ràn, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò fara mọ́.

Ọmọ Èkó kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Orlando Martins, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1899, kópa nínú rẹ̀. Jomo Kenyatta, tó padà di ààrẹ Kenya, wà láàárín àwọn tí wọ́n gbà fún ọ̀pọ̀ èrò. Abúlé tí wọ́n kọ́ sí Shepperton, létí odò Thames, ni wọ́n ti yà wọ́n. Ẹ ro ó: ọkùnrin tí yóò darí orílẹ̀-èdè kan, wọ́n wọṣọ fún un kó wá dúró láàárín àwọn tí Sanders ń bá wí bí ọmọdé.

Nínú àkọsílẹ̀ orúkọ tó wà nínú fíìmù náà, wọ́n to àwọn ẹ̀yà tó farahàn: Acholi, Sesi, Tefik, Juruba, Mendi, Kroo. Juruba. Mo dá fíìmù dúró níbẹ̀ kí àwọn ọmọ lè kà á. Àwa ni. Acholi wà ní Uganda, Kroo wà ní Làìbéríà, wọ́n sì da gbogbo wa sínú odò kan ṣoṣo. Wọn kò tilẹ̀ bi ẹnì kan bí a ṣe ń kọ orúkọ wa. Ilé WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ dá sílẹ̀ ní 1925, wà ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà yẹn. Ìbéèrè kan péré ni ì bá ná wọn.

Ẹ̀sùn karùn-ún kan àwọn ìwé fúnra wọn, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Buchan fi Áfíríkà ṣe ilé-ẹ̀kọ́ Hannay, ṣùgbọ́n olùkọ́ tó dárúkọ níbẹ̀, Peter Pienaar, funfun ni. Àwọn tó kọ́ Pienaar fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran, kò sí orúkọ wọn nínú ìwé. Buchan ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Lord Milner, aláṣẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní gúúsù Áfíríkà láti 1901 sí 1903. Ó rí wọn. Wallace náà rí Congo ní 1907 nígbà tó lọ kọ ìròyìn nípa ìwà ìkà tí wọ́n ń hù níbẹ̀, ohun tó sì padà fi kọ ìwé ni Sanders tó ń na ènìyàn tó sì ń so wọ́n kọ́ igi, tí a ní ká máa fẹ́ràn rẹ̀. Hitchcock àti Korda kò bá ilé mímọ́ kí wọ́n tó da ìdọ̀tí sí i. Síbẹ̀, nínú ìwé Buchan, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò rí ibi tí ọgbọ́n ti wá. Fíìmù ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

Ẹ̀sùn kẹfà kan àwa náà.

Mò ń gbé níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ iná àti kámẹ́rà kì í dí òpópónà kan ní Ìkátẹ tàbí ní Lẹ́kí. Ilé tí wọ́n ń háyà fún ọjọ́ kan tàbí méjì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ohun tí mo sì ń rí lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn náà ni àga olówó ńlá, àtẹ̀gùn gíláàsì, ìyàwó méjì tó ń jà. Òkun wà ní ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wọn, wọn kì í yà á àfi tí wọ́n bá fẹ́ kí olólùfẹ́ méjì rìn lórí iyanrìn. Tunde Kelani ti fi hàn wá ní 1997 pé ìwé Yorùbá lè di fíìmù kó má sì sọ ẹ̀mí rẹ̀ nù, nígbà tó ya Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti kọ Àjà Ló Lẹrù láti 1969, ó sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Àgbàlagbà Akàn ní 1971: Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tó ń tọpa ọ̀daràn ní ilẹ̀ wa, lédè wa, pẹ̀lú òwe lẹ́nu àti ojú tó mú. Mélòó nínú àwọn tó ń gbé kámẹ́rà kọjá ojú ilé mi ló ti ka ọ̀kan nínú méjèèjì? Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin ilé wa. Ó wo ilẹ̀. Ó ní wọn kò kà á ní kíláàsì tòun, mà.

Ohun tí mo ń béèrè lórí ẹ̀sùn wọ̀nyí kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ ya ìwé Buchan, kó dá ìkún omi padà, kó sì dá Bulawayo padà, kó wá fi ẹni tó kọ́ Pienaar kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi Sanders han ọmọdé, ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí nínú ilé, kó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹni tó kọrin inú rẹ̀ kọ̀ ọ́, kó sì ka orúkọ Ogun Adubi àti ti àwọn obìnrin Aba sí wọn létí kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sátidé yẹn, ọmọ náà sì fi ìbéèrè rẹ̀ lọ ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú un lọ bá bàbá apẹja, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí oṣù ṣe ń fa omi. Bàbá dá iṣẹ́ dúró, ó fi ìka ya oṣù mẹ́rin sórí iyanrìn, láti orí tuntun títí dé àrànmọ́jú, ó sì ń sọ fún un ibi tí omi yóò dé lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àjà Ló Lẹrù tèmi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ti wà lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin òkè. Ó ní òun ti dé ojú ìwé ọgọ́ta.